Mzilikazi Khumalo: Olùṣẹ̀dá Orin Tí Ó Mọ Ohùn Èdè Rẹ̀

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé ohùn ni ẹ̀mí èdè wa. Bí a bá mú ohùn kúrò lára ọ̀rọ̀, ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ àti ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun yóò dàrú mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Nítorí ohùn yìí ni onílù ṣe lè fi awọ ẹran sọ̀rọ̀ kí ẹni tí ó gbọ́ èdè sì lóye. Nítorí rẹ̀ náà ni ó ṣe jẹ́ pé, nígbà tí àwọn tí ó mú ìgbàgbọ́ wá kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú orin Òyìnbó, àwọn àgbà tí ó jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì ń gbọ́ ohun tí kò sí lọ́kàn ẹni tí ó kọ orin náà rárá.

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ní ìpẹ̀kun Áfíríkà lápá gúúsù, èdè olóhùn ni àwọn Zulu náà ń sọ, àwọn náà sì gba orin ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ Òyìnbó. Láàrin wọn ni ọkùnrin kan ti dìde ní ìlú Johannesburg, tí ó fi ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ méjì tí ó jẹ́ ọ̀kan. Ó wádìí ohùn inú èdè rẹ̀ títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí rẹ̀. Ó sì ṣẹ̀dá orin títí orílẹ̀-èdè rẹ̀ fi fi í ṣe alága àwọn tí yóò tún orin orílẹ̀-èdè ṣe. Orúkọ rẹ̀ ni James Stephen Mzilikazi Khumalo.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. A bí Khumalo ní ogúnjọ́ oṣù kẹfà ọdún 1932 ní KwaNgwelu, oko kan tí ó jẹ́ ti Ìjọ Ogun Ìgbàlà, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Salvation Army, ní agbègbè Vryheid ní ilẹ̀ Natal. Òjíṣẹ́ ìjọ náà ni baba àti ìyá rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìjọ yìí ní Èkó, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1920, mọ̀ pé ìjọ tí ó fẹ́ràn fèrè, ìlù àti orin kíkọ ni. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà kì í ṣe orúkọ inú Bíbélì nìkan. Mzilikazi ni orúkọ akíkanjú ọba ìdílé Khumalo, ẹni tí ó yapa kúrò lọ́dọ̀ Shaka ọba Zulu láyé ìjelòó, tí ó sì lọ dá ìjọba Ndebele sílẹ̀ níbi tí a ń pè ní Zimbabwe lónìí. Báyìí ni orin ìgbàgbọ́ àti ìtàn àwọn baba ńlá ṣe pàdé lórí ọmọ kan láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Èkíní kò lé èkejì jáde títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó kọ́ ní Pretoria, ṣùgbọ́n Johannesburg àti Soweto tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ó ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀. Ó yẹ kí a mọ irú ìlú tí Johannesburg jẹ́. Wúrà ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1886. Láti ìgbà náà ni àwọn Zulu, Xhosa, Sotho, Tswana àti àwọn mìíràn ti ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti wá iṣẹ́ nínú kòtò wúrà àti nínú ilé àwọn Òyìnbó. A gbà wọ́n láti ṣiṣẹ́, a kò gbà wọ́n láti gbé ibẹ̀ bí onílùú. Ẹ̀yìn ìlú, lápá gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ni a kó wọn sí, ibẹ̀ ni ó sì wá di Soweto. Nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà gorí oyè ní ọdún 1948, ohun tí ó ti jẹ́ àṣà tẹ́lẹ̀ di òfin. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1953 ya ilé-ìwé ọmọ aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀, kí ẹ̀kọ́ wọn má baà ju ti ẹni tí yóò máa sin ẹlòmíràn lọ. Òfin mìíràn ní ọdún 1959 ti ìlẹ̀kùn àwọn yunifásítì ńlá mọ́ wọn, àyàfi ẹni tí ó bá rí ìwé àṣẹ gbà lọ́wọ́ mínísítà.

Ẹni tí ó bá ń ka ìtàn orin ìlú yìí yóò bèèrè ìbéèrè kan: kí ni ó dé tí àwọn aláwọ̀ dúdú Johannesburg fi ní ẹgbẹ́ akọrin bí ẹní kó yanrìn, tí ẹni tí ó mọ violin, èyí tí í ṣe gòjé Òyìnbó, fi ṣọ̀wọ́n láàrin wọn bí ojú? Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Gòjé Òyìnbó gbówó lórí. Ó ń fẹ́ olùkọ́ tí yóò dúró ti ọmọ fún ọdún púpọ̀, ó ń fẹ́ yàrá tí kò sí ariwo, ó sì ń fẹ́ ọ̀kẹ́sírà tí yóò gba ọmọ náà nígbà tí ó bá mọ̀ ọ́n tán. Gbogbo ìwọ̀nyí ni òfin àti òṣì fi du ọmọ Soweto. Ṣùgbọ́n ohùn ènìyàn kò ní owó orí, kò sì sí ọlọ́pàá tí ó lè gbà á lọ́wọ́ olóhùn. Nítorí náà ni ó ṣe jẹ́ pé inú ẹgbẹ́ akọrin ni gbogbo ọgbọ́n orin wọn sá sí.

Ohun kan tún wà tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́, èyí nì ni sọ́lífà: d, r, m, f, s, l, t. John Curwen ni ó tan ọ̀nà ìkọ̀wé orin yìí ká ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn míṣọ́nnárì sì gbé e lọ sí gúúsù Áfíríkà. Kò ṣàjèjì sí wa, nítorí àwọn olùkọ́ wa pàápàá ń fi dò, re, mí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní àmì ohùn Yorùbá. Pẹ̀lú ìwé pélébé kan, olùkọ́ abúlé lè kọ́ ọgọ́ta ènìyàn ní orin olóhùn mẹ́rin láìsí dùùrù nítòsí. Sọ́lífà ni Enoch Sontonga, olùkọ́ ilé-ìwé ìjọ ní Klipspruit nítòsí Johannesburg, fi kọ «Nkosi Sikelel' iAfrika» ní ọdún 1897. Ṣùgbọ́n bí sọ́lífà ti ṣí ìlẹ̀kùn kan ni ó ti òmíràn. Àwọn tí ń lu ọ̀kẹ́sírà kì í kà á. Ìlà márùn-ún tí a to àmì orin lé ni wọ́n ń kà. Nítorí náà, ẹni tí ó mọ sọ́lífà nìkan lè jẹ́ ọba láàrin akọrin, kí ó sì jẹ́ àlejò lẹ́nu ọ̀nà àwọn tí ń ta gòjé Òyìnbó.

Inú ẹgbẹ́ akọrin Ìjọ Ogun Ìgbàlà ní Soweto ni Khumalo ti di olórí akọrin. Ní ọdún 1959, ọdún tí a ti ìlẹ̀kùn yunifásítì yẹn gan-an, ni ó ṣẹ̀dá orin rẹ̀ àkọ́kọ́, «Ma Ngificwa Ukufa». Kò wá ọ̀rọ̀ orin náà lọ sínú ìwé orin mímọ́. Ewì B. W. Vilakazi ni ó mú, ewì tí ó sọ nípa ọjọ́ tí ikú yóò bá ènìyàn. Vilakazi yìí ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Witwatersrand ní Johannesburg. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1946, ó sì kú ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Yíyàn tí Khumalo yan ewì yìí fi ọ̀nà tí yóò tọ̀ hàn. Ọ̀rọ̀ Zulu tí ó jinlẹ̀, láti ẹnu ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sọ, ni ó ń ṣáájú. Orin ni ó ń tẹ̀ lé e.

Ní ọdún 1959 kan náà ni «King Kong», eré olórin tí Todd Matshikiza ṣẹ̀dá orin rẹ̀, jáde ní gbọ̀ngàn ńlá Yunifásítì Witwatersrand ní ọjọ́ kejì oṣù kejì. Òkìkí eré náà dé London ní ọdún 1961. Ṣùgbọ́n Matshikiza ti fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1960, ìlú Lusaka ni ó sì kú sí ní ọdún 1968. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn olórin Johannesburg ṣe túká sí ilẹ̀ àjèjì. Khumalo ní tirẹ̀ kò lọ. Ẹni tí ó bá dúró sílé nígbà tí ilé ń jó kò ní òkìkí ẹni tí ó sá jáde, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni a ó ti bá ẹrù ilé bí iná bá kú.

Ní ìparí àwọn ọdún 1960, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka èdè Áfíríkà ní yunifásítì tí Vilakazi ti kọ́ni, ibẹ̀ ni ó sì gòkè sí títí ó fi di ọ̀jọ̀gbọ́n àti olórí ẹ̀ka náà. Ohùn èdè Zulu ni ó yàn láti wádìí. Ní ọdún 1981 àti 1982 ni ìwádìí rẹ̀ lórí ohùn Zulu jáde ní apá méjì nínú ìwé àtìgbàdégbà «African Studies». Ní ọdún 1987 ni ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Witwatersrand lórí ètò ìró àti ohùn èdè náà.

Ohun tí ó wádìí yìí yẹ kí ó yé ọmọ Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ. Mẹ́ta ni ohùn tiwa. Méjì ni ti Zulu, òkè àti ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà «inyanga» lè túmọ̀ sí òṣùpá, ó sì lè túmọ̀ sí oníṣègùn. Ohùn ni ó ń ya òṣùpá sọ́tọ̀ kúrò lára oníṣègùn. Ṣùgbọ́n ohùn Zulu tún ní àrà kan tí tiwa kò ní. Àwọn kọ́ńsónáǹtì kan wà, bíi d, g, z àti v, tí wọ́n máa ń fa ohùn wálẹ̀ níbi tí wọ́n bá wà, débi pé ohùn òkè pàápàá kò ní lè dúró gírígírí lẹ́yìn wọn. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn Zulu kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ nínú ìwé wọn. Ẹni tí ó ń ka ewì wọn láti ṣe orin kò ní ohun tí yóò tọ́ ọ sọ́nà lójú ìwé; etí rẹ̀ nìkan ni ó ní. Etí tí ó ti lo ọdún púpọ̀ lórí irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe etí lásán nígbà tí ó bá padà sí ìdí orin.

Níhìn-ín ni ìtàn Johannesburg ti kan ìtàn Èkó. Thomas King Ekundayo Phillips, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe olórí olórin ní Kàtídírà ti Kristi ní Èkó, lọ sí Trinity College of Music ní London láti ọdún 1911 títí di 1914, níbi tí ó ti kọ́ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, píánò àti gòjé Òyìnbó. Nígbà tí ó padà dé, ó fi ayé rẹ̀ wá bí orin yóò ṣe bá ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá mu, ó sì kọ ìwé kan tí ó ń jẹ́ «Yoruba Music» lórí bí ọ̀rọ̀ àti orin ṣe wọnú ara wọn. Níbo ni a ti tẹ ìwé náà? Ní Johannesburg ni, láti ọwọ́ African Music Society, ní ọdún 1953. Ọdún tí ìlú náà tẹ ìwé tí ó fi ọgbọ́n orin aláwọ̀ dúdú hàn fún gbogbo ayé ni ìjọba rẹ̀ ṣe òfin láti dín ẹ̀kọ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú kù. Phillips àti Khumalo gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dé oríta kan náà. Èkíní kọ́ ohun èlò orin Òyìnbó tán kí ó tó padà wá sí ohùn èdè. Èkejì ti inú ohùn èdè bọ̀, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ohun èlò orin Òyìnbó.

Ní ọdún 1981, ọdún tí apá kìíní ìwádìí rẹ̀ jáde, ni Khumalo ṣẹ̀dá «uShaka kaSenzangakhona», iṣẹ́ ńlá lórí Shaka ọba Zulu. Akéwì àti ọ̀mọ̀wé Themba Msimang ni ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. A lè fi izibongo àwọn Zulu wé oríkì tiwa: ọ̀rọ̀ ìyìn tí ó ń ka orúkọ, ogun, ìwà àti àṣìṣe ọba láìfi ọ̀kan bò. Ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe ẹsẹ orin mẹ́rin tí a lè fi ohùn orin kan náà kọ tẹ̀léra. Orin ìsìn Òyìnbó ń fi ohùn orin kan ṣoṣo kọ ẹsẹ mẹ́rin tàbí mẹ́fà. Bí ó bá bá ọ̀rọ̀ ẹsẹ kìíní mu, kò dájú pé yóò bá ti ẹsẹ kejì mu. Nínú iṣẹ́ gígùn bí «uShaka», orin ń bá ọ̀rọ̀ rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í padà sẹ́yìn láti fi ẹ̀wù àná wọ ọ̀rọ̀ òní.

Ọ̀nà rẹ̀ kò ṣòro fún etí Áfíríkà láti mọ̀. Lílé àti gbígbè wà níbẹ̀: ẹnì kan á dá a, ọ̀pọ̀ á gbè é. Orin ìbílẹ̀ pẹ̀lú wà láàrin àwọn iṣẹ́ rẹ̀. «Akhala Amaqhude Amabili», èyí tí orúkọ rẹ̀ sọ nípa àkùkọ méjì tí ń kọ, jẹ́ orin àwọn ará ilé tí ó tún tò fún ẹgbẹ́ akọrin, tí àwọn akọrin káàkiri gúúsù Áfíríkà sì ń kọ. Ó kó ìṣọ̀kan ohùn mẹ́rin tí ó kọ́ lọ́dọ̀ ìjọ mọ́ orin tí àwọn Zulu ń kọ níbi ìgbéyàwó, láìjẹ́ kí èkíní pa èkejì mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ kí a gbójú fò. Sọ́lífà ni èdè ìkọ̀wé orin Khumalo. Nígbà tí «uShaka» yóò fi bá ọ̀kẹ́sírà pàdé, ẹlòmíràn ni ó kọ ohun tí àwọn oní-gòjé, onífèrè àti onílù yóò lù. Christopher James ṣe é, Robert Maxym sì tún un ṣe lẹ́yìn náà. Àwọn kan lè bèèrè pé, ǹjẹ́ a lè pe ẹni tí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohùn gòjé ní olùṣẹ̀dá orin ọ̀kẹ́sírà? Ìbéèrè náà tọ́, kò sì yẹ kí a fi ìfẹ́ dáhùn rẹ̀. Orin tí a gbọ́, ìrìn rẹ̀, ìṣọ̀kan ohùn rẹ̀ àti bí ó ṣe bá ọ̀rọ̀ mu, ti Khumalo ni. Àwọ̀ tí gòjé àti fèrè fi kùn ún, ti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ni, ó sì yẹ kí a máa dárúkọ wọn pẹ̀lú tirẹ̀. Ẹni tí ó bá gba gbogbo ìyìn fún ẹnì kan ṣoṣo ti fi ẹ̀tọ́ du àwọn ìyókù. Ẹni tí ó bá sì sọ pé iṣẹ́ náà kì í ṣe ti Khumalo ti gbàgbé pé ọ̀dà kò tíì kọ́ ilé rí.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọpọlọ aláwọ̀ dúdú ni kò gba kíkọ orin ọ̀kẹ́sírà, kí ó wo Michael Moerane. Ọkùnrin yìí, ará Ìlà-oòrùn Cape, rí olùkọ́ gidi ní Grahamstown, Friedrich Hartmann tí ó sá kúrò ní Vienna. Ní ọdún 1941 ni Moerane gba oyè yunifásítì nínú ìmọ̀ orin, ẹni àkọ́kọ́ láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú orílẹ̀-èdè náà. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ «Fatše La Heso», iṣẹ́ fún odindi ọ̀kẹ́sírà, tí ọ̀kẹ́sírà BBC sì lù ní ọdún 1944. Olùkọ́ kan àti àǹfààní kan ni ó fi ìyàtọ̀ sáàrin rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àbùkù tí àwọn ènìyàn rò pé ó wà lára Khumalo, ara òfin ilẹ̀ náà gan-an ni ó wà.

Ní ọdún 1989, nígbà tí òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣì wà lórí ìwé, Khumalo àti Richard Cock, olùdarí orin tí ó jẹ́ aláwọ̀ funfun, bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún àpapọ̀ akọrin ní Johannesburg pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìwé ìròyìn «Sowetan», èyí tí olóòtú rẹ̀, Aggrey Klaaste, ń wàásù ìkọ́lé orílẹ̀-èdè nígbà náà. Àwọn ẹgbẹ́ akọrin láti Soweto àti àwọn ìlú mìíràn kóra jọ, ọ̀kẹ́sírà sì gbè wọ́n. Orin Handel ń jáde, orin àwọn olùṣẹ̀dá aláwọ̀ dúdú náà sì ń jáde lórí pèpéle kan náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akọrin náà kò tíì dúró níwájú ọ̀kẹ́sírà rí. Ohun tí òfin ti yà sọ́tọ̀ fún ogójì ọdún, akọrin àti oní-gòjé, wá ń mí pọ̀ ní abẹ́ ọ̀pá olùdarí kan.

Nígbà tí Nelson Mandela di ààrẹ ní ọdún 1994, orin orílẹ̀-èdè méjì ni ìjọba tuntun náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú: «Nkosi Sikelel' iAfrika» ti àwọn tí ó jìyà, àti «Die Stem» ti àwọn tí ó ti ń ṣàkóso. Kíkọ méjèèjì tọ̀tún-tòsì ń gùn jù, ó sì dàbí ẹni pé ilé méjì ni ó wà nínú àgbàlá kan. A yan ìgbìmọ̀ kan láti sọ méjì di ọ̀kan, a sì fi Khumalo ṣe alága rẹ̀. Àwọn bíi Khabi Mngoma, Richard Cock àti Jeanne Zaidel-Rudolph wà níbẹ̀. Zaidel-Rudolph sì ni ó to orin náà pọ̀ níkẹyìn. Ní ọdún 1997 ni ó di orin orílẹ̀-èdè, ní èdè márùn-ún: Xhosa, Zulu, Sotho, Afrikaans àti Gẹ̀ẹ́sì. Títí di òní ni àwọn kan ń kùn pé kò yẹ kí ọ̀rọ̀ «Die Stem» ṣì wà níbẹ̀. Ìkùnsínú wọn ní ìdí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a gbé fún ìgbìmọ̀ náà kì í ṣe láti pa ẹnì kan lẹ́nu mọ́. Kí gbogbo ènìyàn lè dúró ní ẹsẹ̀ kan kí wọ́n sì kọrin ni. Kò sí ẹni tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹ tó olórí ẹgbẹ́ akọrin, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ ni láti mú kí ohùn tí kò jọra bá ara wọn mu.

Adé iṣẹ́ rẹ̀ dé nígbà tí ó sún mọ́ ẹni àádọ́rin ọdún. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ọdún 2002, «Princess Magogo kaDinuzulu» jáde ní Durban: eré onítàn tí a fi orin sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, irú èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní ọ́pẹ́rà, ní èdè Zulu. Msimang ni ó tún kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Michael Hankinson ni ó kọ ti ọ̀kẹ́sírà. Sibongile Khumalo, ọmọ bíbí Soweto àti ọmọ Khabi Mngoma, ni ó kọrin ipò ọmọ ọba náà. Ní ọdún 2004, wọ́n gbé eré náà dé àjọ̀dún orin Ravinia nítòsí Chicago ní Amẹ́ríkà.

Ta ni Magogo yìí? Ọmọ Dinuzulu ọba Zulu ni, a bí i ní ọdún 1900, ó sì kú ní ọdún 1984. Òun ni ìyá Mangosuthu Buthelezi, olóṣèlú. Olórin ni, ó sì mọ ugubhu í lù. Ohun èlò yìí dàbí ọrun tí ọdẹ fi ń ta ọfà: igi tí a tẹ̀, okùn kan ṣoṣo tí a fà le, àti igbá tí a so mọ́ ìdí rẹ̀ tí ó ń mú ìró rẹ̀ dún. A ń fi koríko líle lu okùn náà, a sì ń gbé ẹnu igbá sí àyà, a ń ṣí i, a ń pa á dé, kí ìró rẹ̀ lè máa yí padà lábẹ́ orin olórin. Àwọn ọ̀mọ̀wé wá láti ọ̀nà jíjìn wá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Olókùn ni ugubhu, olókùn ni gòjé Òyìnbó. Nígbà tí ọ̀kẹ́sírà dìde láti gbe orin nípa obìnrin olókùn kan ṣoṣo yìí, kì í ṣe pé Áfíríkà wá tọrọ ohun èlò lọ́wọ́ Òyìnbó. Àwọn olókùn púpọ̀ ni ó wá kí ìyá àgbà wọn.

Lọ́jọ́ òní, ìlẹ̀kùn kejì tí a tì mọ́ àwọn ará Soweto ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Ní àwọn ọdún tí ó burú jù ni Michael Masote, tí òun fúnra rẹ̀ mọ gòjé Òyìnbó í ta, ti ń kọ́ àwọn ọmọ Soweto. Ní ọdún 1997 ni Rosemary Nalden, obìnrin olórin láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ilé-ẹ̀kọ́ Buskaid sílẹ̀ ní Diepkloof, Soweto. Owó tí àwọn olórin Gẹ̀ẹ́sì kó jọ nípa lílu orin ní àwọn ibùdókọ̀ ojú irin ní ọdún 1992 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ìrànlọ́wọ́ náà. Ní ọdún 2007, àwọn ọmọ Diepkloof lu orin ní Royal Albert Hall ní London, níbi àjọ̀dún orin Proms. Bí àǹfààní yìí bá ti wà ní ọdún 1940, ta ni ó mọ̀ bí Khumalo ìbá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀?

Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹfà ọdún 2021 ni Mzilikazi Khumalo kú, ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí ó pé ẹni ọdún 89. Sibongile Khumalo ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní oṣù kìíní ọdún kan náà.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí fún àwa Yorùbá kò farasin. Àwa tí a ní ohùn mẹ́ta, tí a sì ní àmì tí a fi ń kọ wọ́n sílẹ̀, a ń tẹ ìwé orin tí kò ní àmì ohùn kankan, a sì ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní dùùrù láìkọ́ wọn ní oríkì. Àwọn mìíràn sì wà tí ó rò pé ẹni tí ó bá di èdè baba rẹ̀ mú kò ní lè mọ gòjé Òyìnbó í ta. Khumalo kò rí gòjé gbà nígbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí a gba ohùn èdè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Phillips rí gòjé gbà, kò sì torí rẹ̀ sọ ohùn èdè rẹ̀ nù. Ọmọ tí a bá fún ní méjèèjì láti kékeré ni yóò ṣe ju àwọn méjèèjì lọ. Iṣẹ́ àwọn olùkọ́ àti àwọn òbí ni láti rí i pé ọmọ náà kò ní dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.